Ẹni Tó Ń Fín Kòkó Lọ́jọ́ Àlàmísì

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó má gbà á. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ṣáá. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí kò kú, orí rẹ̀ kò sì dàrú. Ó wà ní agboolé wọn ní Ìrẹ̀mọ títí di òní, ó ń kírun rẹ̀ lásìkò, ó sì ń dáhùn bí ènìyàn bá kí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í purọ́.

Mùnírátù ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Bàbá rẹ̀ fi oko kòkó kan sílẹ̀ fún òun àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Hakeem, ní Abà Àgbọ̀nrín, abà kékeré kan tó wà nínú igbó lẹ́yìn ìlú Ẹdúnàbọ̀n. Hakeem kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí ìyá wọn kú. Ẹ̀yìn Mùnírátù ló dàgbà sí. Mùnírátù ló rán an nílé ìwé. Mùnírátù ló gba yàrá fún un ní àdúgbò Mayfair nígbà tó ní òun kò lè gbé agboolé mọ́. Bí àwọn ará ilé bá ní ọmọkùnrin náà kò ṣeé gbára lé, èsì kan náà ni Mùnírátù máa ń fún wọn.

"Ọmọ ìyá mi ni."

Ọdún tí kòkó di wúrà ni ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí. Owó rẹ̀ gòkè dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lérò. Àwọn tó ti kẹ̀yìn sí oko láti ogún ọdún tún ń wá àdá wọn kiri. Ní Abà Àgbọ̀nrín, gbogbo igi ló so. Èso tò láti ìdí igi dé orí ẹ̀ka, àwọn àgbà á sì dúró lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín láìsọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ ní òwúrọ̀, ó rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ oko ò gbẹ. Gbogbo àgbẹ̀ kòkó ló mọ ohun tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń bá wá. Èso á kọ́kọ́ ní àmì kan ṣoṣo, tí kò ní ju orí àtàǹpàkò lọ, tí yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, èso náà á ti dúdú látòkè délẹ̀, nǹkan funfun bí àtíkè á bò ó lára, wóró inú rẹ̀ á sì jẹrà. Òjò á ta á sára èso kejì. Èèrà á gbé e. Àdá á gbé e. Kò mọ ààlà. Ìdí nìyí tí àwọn tí oko wọn bá pààlà fi máa ń fín oògùn ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí ẹnì kan bá fín, tí ẹnì kejì ò fín, asán ni.

Ọjọ́ mẹ́rin sí Iléyá, Mùnírátù yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Dókítà dì í, ó ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún oṣù méjì.

Hakeem wá kí i. Ó jókòó sétí ibùsùn.

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Èmi ni màá fín kòkó. Ẹ ṣáà kó oògùn fún mi."

Oògùn ti wà nílẹ̀, páálí mẹ́fà. Mùnírátù ti rà á láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó di ọ̀wọ́n. Ó kó gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ló pe Bàbá Ọdẹ́wálé lórí fóònù, bàbá arúgbó tí oko rẹ̀ àti tiwọn jọ pààlà. Bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ ti ń lọ; òjìji lásán ló kù tó ń rí. Kòkó ọdún náà ló fẹ́ tà kí wọ́n lè bá a ṣe iṣẹ́ abẹ ojú.

"Bàbá, ẹ má wulẹ̀ ra oògùn," ni Mùnírátù wí. "Tiwa pọ̀. Hakeem á bá yín fín tiyín mọ́ ọn."

"Ṣé ó dá ọ lójú, Mùní?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

Bàbá Ọdẹ́wálé ò ra oògùn.

Ní Àlàmísì àkọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá, bí Mùnírátù ṣe kírun Àlàásárì tán lórí ìjókòó, fóònù dún. Hakeem ni. Ó ní òun wà nínú oko. Ó gbé fóònù súnmọ́ ẹ̀rọ ìfínkòkó tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, Mùnírátù sì gbọ́ ọ kedere: ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń lọ sókè sódò, àti oògùn tó ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀.

Kọ̀-ṣìì. Kọ̀-ṣìì. Kọ̀-ṣìì.

"Ẹ gbọ́ ọ, Àǹtí?"

"Mo gbọ́ ọ. Ọlọ́hun á ṣàánú rẹ."

Láti ọjọ́ náà, kò pa Àlàmísì kan jẹ. Tẹniọlá, ọmọ Mùnírátù tó ń ṣe akọ̀wé ní yunifásítì, náà mọ̀ sí i. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó bá bá fóònù létí ìyá rẹ̀, á kí Bọ̀ọ̀dá Hakeem láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn á sì dá a lóhùn láti inú fóònù: "Tẹ́ní, kú iṣẹ́ o."

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Hakeem kì í ṣe ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ènìyàn. Tẹ́lẹ̀, bó bá pè, nǹkan ló fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n lóṣù méjì yẹn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Àǹtí?" Á ní kó má fi tẹlẹ̀ o. Á bi í bóyá ó rí oorun sùn. Nígbà mìíràn á dákẹ́, á kàn jẹ́ kó máa gbọ́ ẹ̀rọ. Mùnírátù á máa wo òjò lójú fèrèsé, omi á sì máa dà lójú òun náà. Ó sọ fún Tẹniọlá pé àdúrà òun ti gbà. Ó ní ọmọ ìyá òun ti di ènìyàn.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ìbéèrè kan wà tó máa ń bi í.

"Mo ti parí tiwa. Ṣé kí n wọ ti Bàbá Ọdẹ́wálé?"

"Wọlé, jàre."

Ní Àlàmísì tó tẹ̀ lé e: "Mo ti parí ti Bàbá. Ṣé kí n wọ ti àwọn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà?"

Mùnírátù rò ó bóyá oògùn yóò tó. Àánú ọmọ náà wú u lórí. "Wọlé," ó ní. "Má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn náà ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni Mùnírátù ń gbà fún un. Oko méje.

Oṣù kẹjọ ń parí lọ nígbà tí wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí kòkó kí wọ́n tó já tiwọn. Ọjọ́ Àlàmísì ni Tẹniọlá ráyè. Wọ́n wọ mọ́tò dé Ẹdúnàbọ̀n ní òwúrọ̀, wọ́n sì gun ọ̀kadà wọ inú igbó.

Ní Ẹdúnàbọ̀n, ilẹ̀kùn ilé ìkókòkósí àwọn tó ń ra kòkó Abà Àgbọ̀nrín wà ní títì. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn èrò a máa dì gbàgì níbẹ̀. Ajá kan sùn lórí ìwọ̀n kòkó. Mùnírátù ò ronú sí i.

Abà Àgbọ̀nrín dákẹ́. Kò sí kòkó tí wọ́n sá síta. Òórùn dídùn tó máa ń jáde lára kòkó tí wọ́n fi ewé bò kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan ru igi ẹ̀gẹ́ kọjá. Mùnírátù kí i. Obìnrin náà wò ó, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹnì kan ń gé igi. Ìró àáké ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ọdẹ́wálé jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Ó gbé ojú sókè, ó dojú kọ ibi tí ohùn ti wá.

"Mùní."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ ni ò jẹ́ kí n—"

"Oògùn wo lẹ fi lé ọmọ yẹn lọ́wọ́?"

"Oògùn kòkó ni, Bàbá. Èyí tí à ń lò láti ọjọ́ yìí."

"Irọ́ lò ń pa." Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rẹ̀. "Àlàmísì gbogbo ni mò ń gbọ́ ọ nínú àwọn oko wa. Màá kí i kú iṣẹ́, á dá mi lóhùn. Màá ní kó wá mu omi, kò ní í dúró. Ibi tó bá fín lónìí, bó bá di ọ̀la, ó ti dúdú. Àwọn ọmọ ló ń ṣe ojú fún mi, wọ́n ní kò ku ẹyọ kan. Tèmi lọ. Ti ẹ̀bá ọ̀nà lọ. Oko méje, Mùní. Wọ́n ti ń gé igi láti gbin ẹ̀gẹ́. Ti Ayọ̀ọlá, ọkọ ọmọ mi, tó wà ní òdì kejì odò nìkan ló kù. Òun ló ní òun á fi tòun gbé mi lọ ṣe ojú."

Mùnírátù súnmọ́ ọn.

"Ẹ̀yin fúnra yín rí Hakeem, Bàbá?"

"Ṣé èmi ń rí ènìyàn ni?" Bàbá yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ó dá ọ lójú."



Mùnírátù fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ inú oko, Tẹniọlá tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe wọ abẹ́ igi, ìró àáké dá. Ẹyẹ ò ké. Kòkòrò ò dún. Ọ̀sán ti ń pọ́n níta, ṣùgbọ́n abẹ́ kòkó ṣókùnkùn bí ìgbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Òórùn kan wà níbẹ̀, bí òórùn ẹja tó ti jẹrà.

Gbogbo èso ló dúdú. Wọ́n gbẹ sára igi láti ìdí dé orí, pẹ̀lú ìyẹ̀fun funfun lára wọn. Mùnírátù já ọ̀kan. Ó fúyẹ́. Ó fi ọ̀pá lu èkejì, ó dún bí igbá òfìfo.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbọ́ ọ.

Kọ̀-ṣìì. Kọ̀-ṣìì.

"Hakeem!" ni Mùnírátù ké.

"Mò ń bọ̀, Àǹtí," ni ohùn náà wí láàárín igi. Ẹ̀rọ náà ò dúró.

Ara Mùnírátù balẹ̀ díẹ̀. Ó kéré tán, ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ dúró dè é ní ahéré tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, àgàdágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dípẹtà. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ Mùnírátù ò tètè wọ inú rẹ̀. Tẹniọlá ló fi gbogbo agbára yí i kó tó ṣí.

Ẹ̀rọ ìfínkòkó wà nínú ahéré.

Ó kọ́ sára ògiri níbi tó máa ń wà. Òwú aláǹtakùn so ó mọ́ òpó. Agbọ́n ti kọ́lé sí ẹnu rẹ̀, ilé tó ti pẹ́, tí àwọn agbọ́n gan-an ti fi sílẹ̀ lọ. Kò sí páálí oògùn kankan níbẹ̀. Garawa kan wà nílẹ̀, omi ti gbẹ nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní àwọ̀ búlúù. Tẹniọlá mú ọ̀rá kékeré kan tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Màámi," ó ní, "búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun nìyí."

Kò sí ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá wọn fi sílẹ̀. Wọ́n jọ dúró, wọ́n ń wò ó lára ògiri.

Níta, ó ń súnmọ́.

Kọ̀-ṣìì. Kọ̀-ṣìì.

Ó wá dé ẹ̀yìn ahéré. Ewé ń mì. Nǹkan tútù kan kán sí ẹ̀yìn ọwọ́ Mùnírátù láti ojú fèrèsé, wínníwínní, bí ìrì. Òórùn ẹja náà kún inú ahéré.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Àǹtí?" ni ohùn náà wí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gan-an.

Tẹniọlá fa ìyá rẹ̀ jáde. Wọn ò wẹ̀yìn. Mùnírátù ò mọ bí ẹsẹ̀ òun ṣe gbé òun dé ọ̀nà.

Wọn ò yà sílé. Mayfair ni wọ́n gbà lọ tààrà. Àwọn tó wà ní àyíká ilé Hakeem ní kí wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú títì. Mùnírátù ò mọ̀ pé ó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bá a láàárín fóònù àti ìbòrí fóònù tó kó sínú àpótí oníjígí. Aṣọ rẹ̀ mọ́. Bàtà rẹ̀ mọ́. Kò sí amọ̀ lára rẹ̀. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde, ó sì dorí kodò.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀."

"Níbo lo wà láti àárọ̀?"

"Ibí ni."

Ọmọbìnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, láti aago mẹ́jọ ni wọ́n ti jọ wà níbẹ̀.

Mùnírátù jókòó lórí àpótí ìjókòó kan. Ó ń wo ṣọ́ọ̀bù náà yí ká.

"Oògùn kòkó lo fi ṣí eléyìí."

Hakeem ò sẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì. "Mo tà á, Àǹtí. Ọjọ́ kẹta tí ẹ kó o fún mi. Mo rò pé òjò á dá. Mo rò pé kò ní í le tó bẹ́ẹ̀."

"Omi àti búlúù lo fín."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Kí àwọn ará abà lè rí i pé mo wá. Mo pè yín kí ẹ lè gbọ́ ẹ̀rọ. Mo sì ti ahéré, mi ò padà débẹ̀ mọ́."

"Ò ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Hakeem."

Hakeem gbé orí sókè. "Mi ò pè yín, Àǹtí. Ojú ń tì mí. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pe nọ́ńbà yín rí. Ẹ̀yin náà ò pè mí. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ ni, pé ẹ ń bínú."

Tẹniọlá gba fóònù méjèèjì, ó tò wọ́n sórí jígí. Lórí ti ìyá rẹ̀, orúkọ Hakeem wà níbẹ̀ ní gbogbo Àlàmísì, lákòókò kan náà. Lórí ti Hakeem, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Mùnírátù ò wo fóònù. Hakeem ló ń wò.

"Láti Iléyá," ó ní, "o ò béèrè ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kan?"

Hakeem wo ẹsẹ̀ náà. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ó kán.

Mùnírátù ti múra ọkàn sílẹ̀ de olè láti inú oko. Kò múra de ìyẹn. Gbogbo "ẹ má fi tẹlẹ̀ o," gbogbo "ṣé ẹ sùn," gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ọmọ tó gbé pọ̀n kò sọ ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan mìíràn ló sọ ọ́. Mùnírátù sì dá a lóhùn, ó sì fi oko àwọn aládùúgbò lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni ìpè ìrun Àlàásárì dún láti mọ́sálásí. Bó ṣe parí, fóònù Mùnírátù dún lórí jígí.

*Hakeem*, bẹ́ẹ̀ ló kọ.

Fóònù Hakeem wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tàn. Hakeem fúnra rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lófìfo.

"Màámi, ẹ má gbé e," ni Tẹniọlá wí.

Mùnírátù gbé e. Tẹniọlá súnmọ́ ọn. Gbogbo wọn gbọ́ ẹ̀rọ náà.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, Àǹtí?"

Hakeem gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fi ìdí wọ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Ta ni ọ́?" ni Mùnírátù béèrè.

"Èmi ni." Kọ̀-ṣìì. "Ìhà ibí ti tán. Oko tó wà ní òdì kejì odò ló kù. Ṣé kí n wọlé?"

"Rárá."

Ẹ̀rọ dúró. Láti Iléyá, Mùnírátù ò tíì gbọ́ kí ó dúró rí. Ó tẹ́tí sí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí ewé, kò sí atẹ́gùn.

"Kò burú," ni ohùn náà wí. Kò bínú. "Màá bi ẹlòmíràn." Ó tún ní, "Ẹ má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ o."

Ó gé e.

Mùnírátù dìde. Hakeem ń bẹ̀bẹ̀, ó ń pe orúkọ ìyá wọn. Mùnírátù kọjá lára rẹ̀, ó jáde sójú títì. Títí di òní, ọ̀rọ̀ kan ò tíì jáde láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ "ẹlòmíràn" yẹn ni kò jẹ́ kó sinmi. Nígbà tó délé, ó pe Bàbá Ọdẹ́wálé. Bàbá ò gbé e. Ó tún pè ní ọjọ́ kejì, ó pè ní Sátidé, ó pè lẹ́ẹ̀mejì ní Àìkú. Bàbá ò gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó kún débi pé kò lè wọ bàtà. Kò ní nọ́ńbà Ayọ̀ọlá. Tẹniọlá búra pé òun ò ní í dé inú oko yẹn mọ́ láyé. Ní ọjọ́ Ajé, Mùnírátù pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìkẹfà nìyẹn. Bàbá ò gbé e. Lẹ́yìn èyí, ó pa fóònù, ó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ.

Ní òwúrọ̀ Àlàmísì, ọ̀kadà kan dúró níwájú agboolé. Bàbá Ọdẹ́wálé ni. Ẹni tó gbé e wá mú un lọ́wọ́ wọlé, ó sì gbé iṣu méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Tẹniọlá, tí kò tíì lọ síbi iṣẹ́, gbé àga fún un.

"Mùní dà?"

"Èmi rèé, Bàbá. Ẹ káàárọ̀."

"Mo ní kí n wá dúpẹ́ ni," ni Bàbá wí. "Àgbà kì í bínú títí. Nígbà tí ò ń pè mí, tí mi ò gbé e, ó ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àwọn ọmọ kà fún mi. Nígbà tó di ìkeje, mo ní ó tó gẹ́ẹ́."

Mùnírátù di ọwọ́ àga mú.

"Ìkeje, Bàbá?"

"Ti àná. Ohùn rẹ balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìbínú mi fi lọ. O ní o mọ ohun tí ẹ fi ṣe mí. O ní ìwọ fúnra rẹ ló máa bá Ayọ̀ọlá fín tirẹ̀ kó má baà lọ bíi tiwa. O ní ṣé kí o wọlé." Bàbá fọwọ́ pa itan rẹ̀. "Mo ní wọlé, ọmọ mi."

"Bàbá," ni Mùnírátù wí, "mi ò pè yín lánàá."

Ẹ̀rín Bàbá ò tètè kúrò lójú rẹ̀.

"Mi ò pè yín. Fóònù mi wà ní títì láti ọjọ́ Ajé. Ẹ dákun, ẹ pe Ayọ̀ọlá báyìí. Ẹ ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ oko rẹ̀. Ẹ ní kó wí i jáde lẹ́nu pé rárá."

Tẹniọlá gba fóònù Bàbá, ó wá orúkọ Ayọ̀ọlá, ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn lè máa gbọ́. Kò pẹ́ tí Ayọ̀ọlá fi gbé e. Inú rẹ̀ dùn.

"Bàbá! Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti dé. Láti àárọ̀ kùtù. Àǹtí Mùnírátù fúnra wọn ló gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbà á, wọ́n ní rárá. Ẹ gbọ́ wọn?"

Kọ̀-ṣìì. Kọ̀-ṣìì. Kọ̀-ṣìì.

"Ayọ̀ọlá, èmi Mùnírátù rèé!" ni Mùnírátù ké. "Ilé ni mo wà! Lé e jáde!"

Ayọ̀ọlá ní, "Bàbá, ta ló wà lọ́dọ̀ yín yẹn?"

Bàbá Ọdẹ́wálé yí ojú sọ́dọ̀ Mùnírátù. Ojú náà ò rí ju òjìji kan lọ lórí àga. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ó ń tẹ́tí, bí ẹni tó ń fetí wọn ohùn méjì.

Láti inú fóònù, láti òkèèrè lábẹ́ igi, ohùn Mùnírátù wá. Ó rọlẹ̀, ó tutù, kò kánjú.

"Ayọ̀ọlá, bá mi kí Bàbá. Bá mi bi wọ́n, ojú wọn ńkọ́?"

"Bàbá, èmi kọ́ nìyẹn," ni Mùnírátù wí. Ó na ọwọ́ sí i. "Bàbá, ẹ wò mí. Èmi ni mo wà níbí."

Ọwọ́ rẹ̀ kan apá Bàbá. Bàbá fa apá rẹ̀ gbà. Ó fọwọ́ tá ilẹ̀ títí ó fi rí ọ̀pá rẹ̀, ó sì rọra sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù lọ́wọ́ Tẹniọlá, ó gbé e mọ́ etí.

"Ó ń san, Mùní," ó ní. "O ṣeun, ọmọ mi, tó o bi mí."